Copperband mi ò jẹun láti ọjọ́ mẹ́fà, ẹ gbà mí o

Akin_Peckham
Ẹ ǹ lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Sátidé tó kọjá ni mo ra copperband kan, ẹja omi iyọ̀ ẹlẹ́nu gígùn, torí aiptasia, ẹ̀dá òkun kékeré tó ń lẹ̀ mọ́ òkúta bí èpò, tó ti gba gbogbo òkúta inú táńkì mi, wọ́n ní ẹja yẹn máa ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Láti ìgbà tí mo ti gbé e wọlé, ọjọ́ mẹ́fà gbáko rèé, kò tíì gbé nǹkan kan mì. Flake, oúnjẹ ẹja tó fẹ́lẹ́ bí ewé gbígbẹ, ó wò ó, ó yíjú. Pellet, oúnjẹ ẹja oníhóró, táwọn clownfish mi ń tìtorí ẹ̀ jà, kò tiẹ̀ wò ó. Mysis, edé wẹ́wẹ́ inú fìríìsà, ó fi ẹnu gígùn yẹn tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó tu ú jáde bí ẹni tó ṣèèṣì jẹ orógbó. Táńkì mi jẹ́ lítà 300, ó ti pé ọdún méjì, clownfish méjì ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú yellow tang kan àti goby kékeré kan. Ẹja náà kàn ń rìn lẹ́yìn òkúta bí ẹni tó jẹ gbèsè. Owó tí mo fi rà á ò kéré o, ìyàwó mi ò sì tíì mọ iye tó jẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i kó tó kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Wálé_Manchester
Àbúrò, fara balẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹja fún ọdún mẹ́rin kí n tó fi í sílẹ̀. Má tíì sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Dá mi lóhùn ná: ammonia, májèlé tó ń ti ìdọ̀tí ẹja wá, ńkọ́? Iyọ̀ omi ẹ jẹ́ mélòó, mélòó sì ni ti ṣọ́ọ̀bù tó o ti rà á? Báwo lo ṣe gbé e láti inú ọ̀rá wọ táńkì? Tang yẹn, ṣé ó ń lé e? Ìkẹyìn, ṣé ó jẹun lójú ẹ ní ṣọ́ọ̀bù kó o tó sanwó?

Akin_Peckham
Ẹ ṣé sà. Ammonia òdo. Iyọ̀ 1.025 (ìwọ̀n bí omi iyọ̀ ṣe wúwo sí omi lásán). Omi gbóná dé 25.5°C. Ti ṣọ́ọ̀bù, mi ò bi wọ́n. Mo ń kán omi táńkì sí i díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí méjì bí mo ṣe rí i lórí YouTube. Ti tang, ẹ má wulẹ̀ bèèrè, ọmọọ̀ta gidi ni, ó ń fi ìrù na ẹni ẹlẹ́ni. Pé kó jẹun lójú mi, rárá o, ọmọkùnrin tó tà á fún mi ní "ó ń jẹun dáadáa", mo sì gbà á gbọ́.

Wálé_Manchester
"Ó ń jẹun dáadáa" hahaha. Èmi náà ti sọ ọ́ fún oníbàárà àìmọye ìgbà, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Nígbà míì òótọ́ ni, nígbà míì àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an lẹja dé. Lọ́jọ́ mìíràn, ní kí wọ́n ju oúnjẹ sí i kó o rí i, tí kò bá jẹ, san díẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n bá ẹ tọ́jú ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣọ́ọ̀bù tó mọṣẹ́ á gbà. Kó o tún wo ikùn ẹ̀ àti ẹ̀yìn orí ẹ̀, tí ibẹ̀ bá ti jìn wọlé, fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ omi: ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló máa ń jẹ́ kí iyọ̀ tiwọn fúyẹ́, bíi 1.018 sí 1.020, torí iyọ̀ wọ́n, àti torí pé àwọn kòkòrò tó ń yọ ẹja lẹ́nu kì í gbádùn ẹ̀. Ẹja tó bá ti ibẹ̀ bọ́ sínú 1.025 láàárín wákàtí méjì, ara ẹ̀ á kọ́kọ́ dà rú, torí ó rọrùn fún un kí iyọ̀ wálẹ̀ ju kó gòkè lọ. Tí ẹja bá sì ti pẹ́ nínú ọ̀rá, kíkán omi fún wákàtí méjì gan-an léwu. Ìdí ni pé èémí ẹja ń mú pH omi inú ọ̀rá (òǹkà kíkan omi, bó ṣe ń wálẹ̀ ni omi ń kan sí i) wálẹ̀, nígbà tí pH bá sì wálẹ̀ ammonia ibẹ̀ ò lágbára, ṣùgbọ́n bó o ṣe tú ọ̀rá báyìí tí afẹ́fẹ́ wọlé, pH gòkè, ammonia di májèlé, ìwọ sì jókòó tì í ò ń kán omi. Tìẹ ti kọjá, má jẹ́ ká sunkún lé e.

Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí ni tang yẹn. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àmọ́ ti ẹja yàtọ̀, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ wọnú ẹ̀, ebi ò ráàyè wọlé. Wá acclimation box, àpótí ike tó mọ́ gaara tó ní ihò wẹ́wẹ́ lára, gbé e kọ́ inú táńkì, fi copperband sínú ẹ̀. Á máa rí wọn, wọ́n á máa rí i, kò sẹ́ni tó máa na ẹnikẹ́ni. Tí o ò bá rí i rà, asẹ́ ike ńlá tuntun tí kò tíì kan ọṣẹ rí náà á ṣe é. Gbé dígí tí wọ́n fi ń wojú ti gíláàsì lápá kejì kí tang máa bá àwòrán ara ẹ̀ jà. Dín iná kù fún ọjọ́ kan sí méjì. Kó o sì yéé dúró síwájú táńkì! Mo mọ̀ pé ò ń dúró síbẹ̀.

Akin_Peckham
Ẹ̀gbọ́n mo dúró síbẹ̀ lóòótọ́ 😂 mo gbé àga síbẹ̀ pàápàá

Fẹ́mi_Omi_Iyọ̀
Áyù ni o, ẹ fi áyù sí i! Ẹ gún áyù, ẹ fún omi ẹ̀ sórí mysis, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹja mi kan wà tí kì í jẹun, ọjọ́ tí mo fi áyù sí i ló jẹun.

Wálé_Manchester
Fẹ́mi, ọjọ́ kẹlòó ni?

Fẹ́mi_Omi_Iyọ̀
Ọjọ́ kẹjọ

Wálé_Manchester
Ṣé o rí i. Bóyá tó o bá fi ewé efinrin sí i lọ́jọ́ kẹjọ náà á jẹ ẹ́. Mi ò ní kò dáa o, òórùn ẹ̀ lè mú kí ẹja kan wá tọ́ ọ wò, àmọ́ àwọn tó ń sọ pé ó ń wo àìsàn sàn, pé ó ń lé ich, àìsàn tó ń yọ àmì funfun sí ẹja lára, lọ, kí wọ́n rọra. Áyù kì í ṣe oògùn ich.

Ìyá_Tóbi_Houston
Ọmọ mi Akin, pẹ̀lẹ́ o. Gbọ́ tèmi. Copperband méjì ló kú mọ́ mi lọ́wọ́ kí ẹ̀kẹta tó wá lo ọdún márùn-ún lọ́dọ̀ mi, nítorí náà owó ni mo fi kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Wo ẹnu ẹja yẹn dáadáa. Ẹnu tó gùn báyẹn, kì í ṣe fún ohun tó léfòó lójú omi. Níbi tó ti wá, láàárín Òkun Íńdíà àti ìwọ̀ oòrùn Pàsífíìkì, lọ́dọ̀ àwọn ará Indonéṣíà, Fílípìnì títí dé Ọsirélíà, inú ihò òkúta ló ń ki ẹnu bọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ó ń fa aràn kéékèèké àti àwọn nǹkan tín-ín-tìn-ìn-tín jáde. Kò fìgbà kan rí flake láyé ẹ̀ rí. Ìwọ ń ju oúnjẹ sí i, lójú tiẹ̀ ìdọ̀tí ló ń já bọ̀. Wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran, ẹja tuntun gan-an lowe yẹn ń bá wí. Torí náà má wá oúnjẹ tó dáa, wá oúnjẹ tó jọ oúnjẹ.

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Èmi ń lo clam, oníkarahun kéékèèké tí wọ́n ń tà láàyè ní súpámákẹ́ẹ̀tì níbí, ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù ẹ ní mussel, àwọn oníkarahun dúdú yẹn, lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́ja ní Rye Lane ní Peckham yín níbẹ̀, tàbí kó o jí lọ sí Billingsgate láàárọ̀ kùtù. Èyí tó wà láàyè, tí ẹnu ẹ̀ pa dé, ni kó o rà. Má ra èyí tí wọ́n ti sè, má ra èyí tó wà nínú ọbẹ̀ bọ́tà àti wáìnì, ẹni kan ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kì í ṣe èmi. Tó o bá délé, fi wọ́n sínú fìríìsà fún ọjọ́ díẹ̀, ìyẹn á pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò tó lè bá a wá. Tó o bá fẹ́ lò ó, mú ẹyọ kan, jẹ́ kí yìnyín ẹ̀ yọ́, fi ọ̀bẹ la ìkarahun sí méjì, fi omi táńkì ṣàn án, kó o wá fi ìlàjì tó ní ẹran lára há àárín òkúta méjì, níbi tí ẹja náà ti máa ń sá pamọ́ sí. Tó bá wà nínú àpótí, gbé e sínú àpótí. Kó o kúrò níbẹ̀. Kúrò pátápátá, lọ se ìrẹsì.

Kò ní jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kìíní. Á wò ó, á yí i ká, á fi ẹnu kàn án, á sá. Lẹ́yìn wákàtí méjì, yọ ọ́ kúrò, torí tó bá rà sínú omi ammonia á gòkè, o ti dá wàhálà kejì sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, gbé òmíràn síbẹ̀ kan náà, ní àkókò kan náà. Kó mọ̀ pé níbí yìí ni wọ́n ti ń jẹun nílé yìí.

Táyélolú_Chicago
Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀, ẹja mandarin tèmi náà ò jẹun ọ̀sẹ̀ méjì rèé, ṣé mo lè lo mussel yìí?

Ìyá_Tóbi_Houston
Rárá o ọmọ mi. Mandarin, copepod ló ń jẹ, kòkòrò omi kéékèèké tí ojú fi ń rí i bí eruku, á sì máa ṣa á jẹ látàárọ̀ dalẹ́. Tó o bá fi sínú táńkì tuntun tí copepod ò tíì pọ̀, ebi ló máa pa á bó tiẹ̀ ń ṣa òkúta. Ra copepod nínú ìgò, dà á sí i lálẹ́ tí iná bá ti kú, kó o tún máa rà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn ra èyí tí wọ́n sìn nílé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti mọ pellet kí wọ́n tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó sìn wọ́n. Ṣí ìjíròrò tìẹ, jẹ́ ká parí ti Akin.

Ládi_Lekki
Ẹ kú iṣẹ́ o. Tèmi kì í ṣe copperband, lionfish ni mo ní, àmọ́ ọ̀rọ̀ yín dà bí tèmi. Èyí tí mo ní, ohun tó bá ń rìn nìkan ló kà sí oúnjẹ, èyí tó bá ti kú, òkúta ni lójú ẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé kí n máa fún un ní goldfish kéékèèké, mo ṣe é díẹ̀, wọ́n wá là mí lójú pé ẹja omi dídùn bíi goldfish ò bá lionfish lára mu, ọ̀rá ẹ̀ yàtọ̀, ó sì ní ohun kan nínú tó ń ba fítámì B1 jẹ́. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í lo edé. Edé ààyè kéékèèké ni mo kọ́kọ́ fi fà á lójú mọ́ra, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo ra edé tútù lọ́jà, mo bó o, mo fi ṣóńṣó igi tín-ín-rín gún un, mo ń mì í níwájú ẹ̀ bí ẹni pé ó ń lúwẹ̀ẹ́. Ìrọ̀lẹ́ kẹta ló já a gbà. Báyìí tó bá ti rí igi yẹn ló ti ń bọ̀, kò bìkítà bóyá nǹkan wà lẹ́nu ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun ẹ máa dúpẹ́ o, níbí, tí iná bá lọ tí póńpù dákẹ́, ẹja tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yọjú á tún sá padà sẹ́yìn òkúta, gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Póńpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì ni mo kọ́kọ́ rà kí n tó ra ẹja kankan.

Akin_Peckham
Ọjọ́ kẹjọ. Mo ti fi sínú àpótí. Tang ń bá dígí jà látàárọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo rí mussel rà, ẹlẹ́ja bi mí bóyá mo fẹ́ se ọbẹ̀, mo ní ẹja mi ló fẹ́ jẹ ẹ́, ó wò mí títí. Copperband fẹnu kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e mì. Nǹkan mìíràn tún wà, mo rí ìgbẹ́ ẹ̀, funfun ni, ó ń fà bí òwú. Ìyá mi ní Flagyl nílé, ṣé kí n fọ́ ọ sómi? Ó bá èèyàn wo inú rírun.

Wálé_Manchester
Akin!!! Má fọ́ nǹkan kan sómi. Ohun tó mú mi rẹ́rìn-ín ni pé o ò jìnnà pátápátá, metronidazole tó wà nínú Flagyl wà lára ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú kòkòrò inú ẹja. Àmọ́ kì í ṣe pé kéèyàn fọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì sínú táńkì tí òkúta àti coral (iyùn ààyè inú òkun) wà. Inú táńkì quarantine, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹja aláìsàn tàbí ẹja tuntun, ni, tàbí kí wọ́n pò ó mọ́ oúnjẹ, tìẹ ò sì tíì jẹun. Ní ìlú tá a wà yìí, oògùn bẹ́ẹ̀, dókítà ẹranko ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún ẹ. Ẹja tí kò jẹun láti ọ̀sẹ̀ kan, ìgbẹ́ ẹ̀ lè funfun kìkì torí pé inú ẹ̀ ṣófo. Dúró ná. Tó bá ti jẹun fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún, tí ìgbẹ́ ṣì ń fà bí òwú, tí ikùn sì ń wọlé, nígbà yẹn ká wá sọ̀rọ̀ kòkòrò.

Wo àwọ̀ ẹ̀ àti ojú ẹ̀ náà. Tó bá ń fi ara họ òkúta, tó ń mí fìkìfìkì, ó lè jẹ́ fluke, àwọn kòkòrò pẹlẹbẹ tó ń lẹ̀ mọ́ ara ẹja àti ibi tó fi ń mí. Praziquantel ni wọ́n fi ń lé ìyẹn. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: tí ẹja bá wà nínú oògùn tí wọ́n fi bàbà (copper) ṣe, oúnjẹ lè má wù ú jẹ, èèyàn á wá máa rò pé oúnjẹ ni kò dáa. Lọ́pọ̀ ìgbà mo máa ń jẹ́ kí ẹja tuntun kọ́kọ́ jẹun kó sanra díẹ̀ kí n tó fi oògùn kankan kàn án, àfi tí àìsàn bá ti hàn kedere.

Fẹ́mi_Omi_Iyọ̀
Kí ni ẹ rí sí ti àwọn ẹja tí wọ́n fi májèlé mú? Mo gbọ́ pé bó o ṣe fún un ní oúnjẹ tó, asán ni.

Wálé_Manchester
Òótọ́ wà níbẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1960 síwájú ni wọ́n ti ń da cyanide sí ihò coral ní Fílípìnì kí ẹja lè dákú kí wọ́n rí i kó, ó sì tàn kálẹ̀ dé Indonéṣíà. Ó lòdì sófin, àmọ́ kò tíì tán. Ẹja tó bá la ìyẹn kọjá, inú ara ẹ̀ lè ti bàjẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ, ojú ò sì lè fi mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń san owó jù lórí copperband tó ti Ọsirélíà wá. Èmi náà á san án.

Lọ́rọ̀ kan ṣá, Akin, lítà 300 ti kéré fún ẹja tó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, pẹ̀lú tang lókè ẹ̀. Mi ò ní sọ̀rọ̀ yẹn lónìí torí ọkàn ẹ ò balẹ̀, àmọ́ mo ti sọ ọ́.

Akin_Peckham
Ọjọ́ kẹsàn-án. Ó JẸ Ẹ́. Ó JẸ Ẹ́ O!!! Mo wà ní kíṣìnnì, mo yọjú láti ẹnu ọ̀nà, mo rí i tó ń fa ẹran mussel yẹn ya wẹ́wẹ́, ó fi orí sísàlẹ̀, ìrù ẹ̀ ń mì. Ó jẹ tó ìdajì kí n tó yọ ọ́. Mo pariwo, ìyàwó mi sáré jáde, ó ní kí ló dé, mo ní ẹja jẹun, ó ní ẹja wo. Ó wá bèèrè iye tí mo rà á.

Ìyá_Tóbi_Houston
Ọlọ́run ṣeun! Ti iye yẹn, ìwọ àti ìyàwó ẹ ni o.

Má wá dá a dúró lórí mussel nìkan. Fún un bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, kó gbà pé ibẹ̀ ni oúnjẹ wà. Lẹ́yìn náà, yọ mysis kúrò nínú yìnyín, fi ọmọ ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹran mussel náà. Kò ní mọ̀, á jẹ méjèèjì pọ̀. Máa dín mussel kù, máa fi kún mysis. Ọjọ́ kan á wá dé tí ìkarahun òfìfo ni wàá gbé síbẹ̀ tí mysis nìkan kún inú ẹ̀, á jẹ ẹ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn lo lè máa fi pipette, ọ̀pá ike tí wọ́n fi ń fa omi, fọ́n mysis sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkarahun. Díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan kó yó. Ikùn ẹja yẹn kéré, kì í ṣe ẹja tó ń jẹ àmàlà lẹ́ẹ̀kan kó sùn.

Àwa níbí tún máa ń lo blackworm ààyè, ṣàṣà ni copperband tó máa rí i tó ń mì tó máa kọ̀ ọ́. Àmọ́ aràn omi dídùn ni, kì í pẹ́ kú nínú omi iyọ̀, torí náà díẹ̀ ni kó o máa fi sí i. Tó o bá rí brine shrimp, edé wẹ́wẹ́ omi iyọ̀, ààyè rà ní ṣọ́ọ̀bù yín, òun náà á fà á lójú mọ́ra, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sí oúnjẹ gidi nínú ẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ bọ́ òun gan-an yó. Bí ìpápánu ló rí, èèyàn ò lè fi ìpápánu tọ́ ọmọ.

Ládi_Lekki
Màámi, ẹ ti fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ pa mí lẹ́rìn-ín 😂

Akin_Peckham
Mo padà dé o. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Ó ti ń jẹ mysis nínú ìkarahun òfìfo, ó ti ń já a gbà lẹ́nu pipette náà. Ìgbẹ́ ẹ̀ ti dúdú padà. Ìjẹ́rin ni mo tú u sílẹ̀ kúrò nínú àpótí, mo tún ipò àwọn òkúta díẹ̀ tò kó tó jáde kí tang má mọ ilé ẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n Wálé ló sọ ọ́ fún mi ní ìkọ̀kọ̀, ó sì ṣiṣẹ́, wọ́n kàn ń wo ara wọn ni. Pellet, kò ṣì wò ó. Mi ò bínú.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Aiptasia tí mo tìtorí ẹ̀ rà á ńkọ́? Kò fọwọ́ kan ẹyọ kan. Lánàá, ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkarahun gan-an, ó tóbi tó ojú kọ́bọ̀, ẹja yìí rọra yà á, ó lọ jẹ mussel tiẹ̀.

Wálé_Manchester
Òmíràn máa ń jẹ ẹ́, òmíràn kì í jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó lè bá ẹ dá a lójú. Ìwọ lo sì kọ́ ọ ní mussel. Lọ ra peppermint shrimp mẹ́ta, edé tó máa ń jẹ aiptasia, kó o rí i pé peppermint gidi ni wọ́n, torí edé camelback máa ń jọ ọ́, ìyẹn sì lè kọjú sí coral. Fi wọ́n sí i lálẹ́ tí iná bá ti kú kí copperband má bàa rò pé oúnjẹ ni.

Akin_Peckham
Èló ni peppermint shrimp, sà?

Wálé_Manchester
Kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ẹ bóyá ìyàwó ẹ dúró síbẹ̀.